Nígbà Tí Ìjọ Jẹ́ Ti Gbogbo Ìlú

Ẹni tó bá gba Challenge jáde sí Ring Road ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yóò rí ohun tí kò sí lójú ọ̀nà yẹn ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Pátákó ìpolówó tẹ̀ lé pátákó ìpolówó: àwòrán pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ ìsọjí, alẹ́ ìṣẹ́gun, nọ́ńbà fóònù. Lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà, ìjọ kan wà níbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti jó di òru lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìjọ mìíràn ti to àga kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ní Agbowó, lódìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, orin ìjọ kan máa ń wọ inú orin ìjọ kejì, débi pé ẹni tó dúró lójú títì kò ní mọ èyí tí òun ń gbọ́. Ní Bódìjà, ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé kan ṣoṣo ti ń di ilé ìjọsìn, ọkọ̀ àwọn olùjọsìn sì ń tò títí dé ẹnu géètì àwọn aládùúgbò.

N kò wá sọ pé ìjọ pọ̀ jù. Ìlú tí ebi, àìríṣẹ́ṣe àti ìbẹ̀rù ajínigbé ń dà láàmú, ta ni yóò sọ pé àdúrà pọ̀ jù níbẹ̀? Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí ìjọ kò tó nǹkan ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan gbogbo ìlú: ó kan Mùsùlùmí, ó kan oníṣẹ̀ṣe, ó kan ẹni tí kò wọ ilé Ọlọ́run rí. Nísinsin yìí tí ìjọ wà ní gbogbo ojúlé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà kọjá ọgbà rẹ̀. Ariwo rẹ̀ ló ń kọjá ọgbà.

Lọ́dún 1853, nígbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì lábẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn. Ìwàásù nìkan kọ́ ni wọ́n bá wọ inú ìlú. Wọ́n ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n fún àwọn ní ọmọ tí àwọn yóò kọ́ ní ìwé. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ wà lára àwọn tó fi ọmọ tirẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ṣì ń wò ó bíi pé ẹni tó fọmọ sílẹ̀ fún òyìnbó ti sọ ọmọ nù. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860. Ọ̀nà etíkun sé, owó àti oúnjẹ tán nílé míṣọ́nnárì. Tọkọtaya náà kò sá. Wọ́n jẹ ìyà náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn títí ogun fi rọlẹ̀. Ẹni tó bá ìlú jẹ ìyà ni ìlú ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Samuel Johnson wà lára àwọn tó dàgbà lábẹ́ iṣẹ́ ìjọ yìí ní Ìbàdàn, òun náà ló kọ ìwé ńlá ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Àwọn tó ń ka ìwé náà lónìí máa ń gbàgbé iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe. Nígbà tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ wọ̀yá ìjà ní Kírìjí, tí ogun náà kò tán lọ́dún kan, tí kò tán lọ́dún méjì, Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà Áńgílíkà bíi tirẹ̀, ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan lọ sí èkejì títí àwọn balógun fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà lọ́dún 1886. Ààrẹ Látòósà tó kó ogun Ìbàdàn lọ kì í ṣe ọmọ Ìgbàgbọ́, Mùsùlùmí ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lápá méjèèjì kò mọ Bíbélì rárá. Síbẹ̀, àlùfáà ni wọ́n gbà kó dúró láàárín wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò wá nǹkan kan fún ìjọ rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rúndún tuntun wọlé, àwọn ọmọ Ìbàdàn fúnra wọn ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òyìnbó. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ni mo máa ń rántí jù. Alexander Babátúndé Akínyẹlé, tó jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà, dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1913. Àbúrò rẹ̀, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde lọ́dún 1911 kí àwọn ọmọ ìlú má baà gbàgbé orísun wọn. Lọ́dún 1914, àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú tó ń wá ìlọsíwájú Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn lọ́dún 1952. Àbúrò ti kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní tirẹ̀, ó ti bá àwọn aládùúrà lọ, ó sì di ààrẹ ìjọ Christ Apostolic Church. Lọ́dún 1955, ó gorí oyè Olúbàdàn, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi wàjà lọ́dún 1964.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọmọ ìyá méjì, ìjọ méjì. Èkínní ń lo ìwé àdúrà, ó wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù. Èkejì ń gbààwẹ̀, ó ń fi omi àdúrà wo àìsàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjọ méjèèjì nígbà náà kò kéré. Síbẹ̀, kò sí nínú wọn ẹni tó fi ìjọ tirẹ̀ pààlà fún ìlú. Ọmọ onílé-kéú wọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n dá sílẹ̀. Àbúrò jókòó lórí ìtẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí àwọn oníṣẹ̀ṣe ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì jọba lé gbogbo wọn láìfi ti pé aládùúrà lòun pa mọ́. Ìgbàgbọ́ wọn kò farasin, kò sì fún ẹlòmíràn lọ́rùn.

Àárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni Ìbàdàn tuntun ń jáde. Yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948. Ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àti ilé okòwò ń gòkè ní Dùgbẹ̀, títí Ilé Kòkó fi yọ sókè lọ́dún 1965. Bódìjà ń di àdúgbò àwọn akọ̀wé àti olùkọ́. Pápá ìṣeré Liberty ṣí ní Ring Road lọ́dún 1960. Ìjọ kò dúró sẹ́yìn nínú gbogbo èyí. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn fò láti nǹkan bí 457,000 lọ sí iye tó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Níbo ni wọn ìbá kó gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn sí bí kò bá sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ? Ìjọba mú owó wá. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, Kátólíìkì àti àwọn mìíràn ló ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ní olùkọ́, wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń darí ọmọ.

Tó bá di ti ilé ẹ̀kọ́ girama àti ti àwọn olùkọ́, orúkọ ń tẹ̀ lé orúkọ. Wesley College ti wà ní Ẹlẹ́kùró láti ọdún 1905, ó ń kọ́ àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn Kátólíìkì dá St. Theresa's College sílẹ̀ ní Òkè-Àdó lọ́dún 1932 fún àwọn ọmọbìnrin, Loyola College sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1954 fún àwọn ọkùnrin. St. Anne's School fìdí kalẹ̀ sí Mọ́lété lọ́dún 1950, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin Kúdẹtì àti èyí tó ti Èkó wá di ọ̀kan. Ní Ibadan Grammar School, Ẹni-Ọ̀wọ̀ Emmanuel Aláyàndé ni ọ̀gá láti ọdún 1948 títí di 1968. Olóṣèlú ni bàbá náà, ọmọ ẹgbẹ́ Action Group gidi, kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fi òṣèlú rẹ̀ ṣe ni pé kí ọmọ tálákà káwèé. Bọ́lá Ìgè, tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1979, jáde láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Òun náà fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ayé: ó bá World Council of Churches ṣiṣẹ́ láti gbógun ti ìyà tí wọ́n ń fi àwọ̀ ara jẹ ènìyàn. Ilé rẹ̀ ní Bódìjà ni wọ́n pa á sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Títí di òní, a kò tíì rí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú náà.

Ìwòsàn náà kò gbẹ́yìn. Ọsibítù Kátólíìkì ní Olúyọ̀rọ̀, Òkè-Òfà, àti St. Mary's ní Ẹlẹ́tà wà láàárín àwọn tálákà gan-an, kì í ṣe ní àdúgbò ọlọ́rọ̀. Ìyálọ́jà tó wọlé rọbí níbẹ̀ kì í sọ ẹ̀sìn rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì tó gbà á. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Múmínì, Rafíù àti Sẹ̀kínátù ni wọ́n bí sí ọwọ́ àwọn síítà Kátólíìkì. Iṣẹ́ ìwé náà ń bẹ níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé ilé ìtàwé Challenge tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀ ni àdúgbò Challenge fi gba orúkọ. Ẹ rò ó wò, kí ilé ìtàwé fi orúkọ sílẹ̀ fún gbogbo àdúgbò! Ní yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó wá di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ń kọ̀wé lórí Olódùmarè, ó sì ń bi ìjọ léèrè bó ṣe lè jẹ́ ti Áfíríkà ní tòótọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1965 lórí bí àwọn míṣọ́nnárì ṣe bí ìran ọ̀mọ̀wé tuntun ní Nàìjíríà. Ìjọ ìgbà náà kì í bẹ̀rù ìbéèrè.

Lẹ́yìn àwọn orúkọ ńlá wọ̀nyí, tíṣà ìjọ wà, ẹni tí ìtàn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ń lu agogo, òun ló ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, òun náà ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Àìkú. Bí lẹ́tà bá ti Sẹ́kọ́ńdì ní Gold Coast dé fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ réluwéè, ọ̀dọ̀ tíṣà ló máa gbé e lọ kí wọ́n kà á fún un. Bí wọ́n bá ń jà sí ààlà ilẹ̀, tíṣà ni wọ́n ń pè wá wo ìwé. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn, ilé ìjọ ló ń gbé. Ṣùgbọ́n bó bá ń kọjá lọ, àgbà Mùsùlùmí tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mọ́ṣáláṣí yóò dìde kí i. Kò sí pátákó ìpolówó kankan tó lè ra irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n má ṣe fi ìfẹ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ló dé ilé ẹ̀kọ́ ìjọ bí Mùdáṣírù tó sì jáde bí Moses, nítorí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan mú ìrìbọmi ṣe òdiwọ̀n. Ọgbẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ bí Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1923 kí àwọn náà lè ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Àwọn kan nínú ìjọ pe ìlù wa, oríkì wa àti aṣọ wa ní ohun èṣù. Obìnrin ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣàfẹ́rí àná gbọ́dọ̀ ṣàfẹ́rí èyí tó dára níbẹ̀, kó sì jẹ́wọ́ èyí tó burú.

Nígbà wo ni nǹkan yí padà? Kì í ṣe ọjọ́ kan. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Èrò wọn dára: kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan náà níwájú tíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ kò ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́, okùn tó so ó mọ́ ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ìjọ já. Ilé ẹ̀kọ́ tí orúkọ ẹni mímọ́ ṣì wà lára ògiri rẹ̀ wá di ti ìjọba, ọmọ kún inú rẹ̀ débi pé wọ́n pín wọn sí òwúrọ̀ àti ọ̀sán, òrùlé ń jò, kò sí ẹni tó pè é ní tirẹ̀ mọ́.

Ìgbà kan náà ni ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára ibi tó ti gbóná jù. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbàdúrà mọ́jú, wọ́n ń wàásù ní ọjà, wọ́n ń kọ ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ Olúwa. Láti inú iná yẹn ni ọ̀pọ̀ ìjọ tí a ń rí lónìí ti jáde. Lẹ́yìn náà ni ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986 wá sọ náírà di yẹpẹrẹ, ilé iṣẹ́ tì, owó oṣù kò tó oúnjẹ. Àwọn ìjọ tuntun ló gba àwọn tí ìgbà náà já sílẹ̀. Wọ́n fún ọ̀dọ́ ní gbohùngbohùn, wọ́n fún obìnrin ní pẹpẹ, wọ́n sọ fún ẹni tí kò níṣẹ́ pé ọ̀la rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà bá ti gbà là nígbà yẹn kò ní jẹ́ kí a fi ṣẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò ní fi ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlérí bá dá lórí èmi nìkan, iṣẹ́ èmi, ilé èmi, ìwé ìrìnnà èmi, ìlú máa ń yọ kúrò nínú àdúrà. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lónìí nìyẹn. Ìjọ tún ti padà sídìí ẹ̀kọ́, òótọ́ ni: àwọn Onítẹ̀bọmi ní Bowen ní Ìwó láti ọdún 2001, Áńgílíkà ní Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 2005, ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, àwọn Dominican ní yunifásítì ní Sámọ́ńdà, àwọn ìjọ ìsọjí náà sì ti dá tiwọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀kọ́ ń lọ déédéé níbẹ̀, kò sí ìyanṣẹ́lódì. Ṣùgbọ́n ọmọ aláta ní ọjà Bódìjà, tí ìyá rẹ̀ ń dá ìdámẹ́wàá láìyẹsẹ̀, kò lè san owó ilé ẹ̀kọ́ náà. Lọ́dún 1955, ìjọ ló gba ọmọ ìyá bẹ́ẹ̀ wọlé. Lónìí, ẹnu géètì ló ti ń dá a padà, kì í ṣe nítorí ìkórìíra, nítorí owó ni.

Ti òṣèlú náà ti yí. Láyé ìjọba ológun, Bíṣọ́ọ̀bù Emmanuel Gbónígí ti Àkúrẹ́ dúró lórí pẹpẹ, ó sọ òótọ́ fún àwọn tó ní ìbọn lọ́wọ́. Kò wá ipò lọ́wọ́ wọn. Ní àsìkò ìdìbò tiwa, olùdíje ń lọ láti ìjọ kan dé òmíràn, ó kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, ẹ̀rọ ayàwòrán ń tàn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, alátakò rẹ̀ kúnlẹ̀ síbẹ̀ kan náà. Lọ́dún 2022, ìjọ Redeemed dá ẹ̀ka òṣèlú àti ìṣèjọba sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ APC mú Mùsùlùmí méjì fún ipò ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ nínú ìdìbò 2023, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìgbàgbọ́, CAN, bínú gidigidi. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bínú, ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti tọ́ ọmọ wọn sọ́nà òṣèlú. Ìbéèrè mi ni pé: ta ni ìjọ ń gbẹnu sọ fún nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba? Bó bá jẹ́ ìpín tiwa nínú ipò nìkan là ń béèrè, a ti di ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń kọrin. Johnson àti Phillips kò lọ sí Kírìjí láti lọ béèrè ìpín.

Ògiri ti ga, mo sì mọ ìdí. Lẹ́yìn tí àwọn apànìyàn wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n pa nǹkan bí 40 ènìyàn lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, kò sí ìjọ tó lè ṣí ilẹ̀kùn bíi ti àtijọ́ mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo inú báàgì. Ẹ̀dùn ọkàn ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí a tì nítorí apànìyàn kò gbọ́dọ̀ di èyí tí a tì mọ́ aládùúgbò.

Rere kò tán. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí gaàrí àti ìrẹsì fò kọjá agbára ènìyàn, ìjọ ńlá àti ìjọ kékeré ní Ìbàdàn ti ń pín oúnjẹ. Àwọn dókítà inú ìjọ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Àwọn ìjọ kan ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n gbé ẹnu omi jáde síta kí gbogbo àdúgbò lè pọn. Ibi tí mo bá ti rí ẹnu omi bẹ́ẹ̀, tí ọmọbìnrin tó wọ hìjáábù ń fi kẹ́ẹ̀gì gbe omi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi máa ń dùn, nítorí ìjọ àtijọ́ ṣì ń mí níbẹ̀.

Ìbàdàn ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ayé ń wá kiri. Nínú agboolé kan ṣoṣo, bàbá lè jẹ́ Alhaji, ìyá lè jẹ́ ìyá ìjọ, ọmọ kan lè jẹ́ aládùúrà, wọn yóò sì jọ jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ìlú náà kò rí èyí he. Àwọn tó ṣáájú wa ni wọ́n fi ìwà ra á. Bí ìjọ bá ń fi gbohùngbohùn bú ẹ̀sìn aládùúgbò lórí afẹ́fẹ́ Agbowó láàárín òru, ohun tí Akínyẹlé méjèèjì kọ́ ló ń wó.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀yin bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ, ẹ̀yin pásítọ̀ ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba gbọ̀ngàn ní Ring Road àti Challenge, ẹ̀yin bíṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rọ̀ yín ń dé etí ìjọba. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó súnmọ́ yín jù, pàápàá èyí tí orúkọ ìjọ yín ṣì wà lára rẹ̀, kí ẹ tún òrùlé rẹ̀ ṣe láìdúró dé ọjọ́ tí ìjọba yóò dá a padà. Gbọ̀ngàn tó ń ṣófo láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹ ṣí i fún ọmọ àdúgbò tó fẹ́ kàwé lábẹ́ iná, ẹ má béèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Ní yunifásítì yín, ẹ ya àyè sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọmọ tálákà, ti Mùsùlùmí pẹ̀lú. Ẹ yí ojú gbohùngbohùn sínú ilé. Nígbà tí olóṣèlú bá wá kúnlẹ̀, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì bi í níwájú gbogbo ìjọ nípa owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà àti oògùn tí kò sí ní ọsibítù Adéọ̀yọ́. Àti ẹ̀yin ọmọ ìjọ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n bá ń ka àkáǹtì ìjọ lópin ọdún, ẹ dìde, kí ẹ béèrè èyí tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ nínú rẹ̀. Owó náà wà. Ènìyàn náà wà. Ọ̀nà tí àwọn ará Kúdẹtì là sílẹ̀ kò tíì dí. Iṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́.